Láti Orí Kan sí Mẹ́rin: Bí A Ṣe Ń Ya Ọmọ Lílì

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, òdòdó pupa méjì yọ lórí ọ̀pá kan ṣoṣo lójú fèrèsé yàrá mi ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Inú ike ọ̀dà tí mo dá ihò sí nídìí ló wà. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa ló bi mí pé níbo ni mo ti rà á. N kò rà á. Ti ìyá ìyá mi ni. Màmá àgbà gbin lílì yìí yí ẹnu ọ̀nà ilé wọn ká kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí màmá àgbà jáde láyé tí ẹbí sì ta ilé náà, ẹni tó rà á da kọnkéré bo gbogbo iwájú ilé. Orí kan ṣoṣo tí màmá mi ti wú ṣáájú ìgbà náà ló kù. Òun ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo ń kó ẹrù bọ̀ ní yunifásítì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ohun tí mo kọ́ nínú bí kò ṣe kú ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní irú lílì yìí nílé, tí ẹ kò sì mọ̀ pé ẹ lè sọ ọ́ di púpọ̀ láìná kọ́bọ̀.

Orúkọ rẹ̀

Ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni wá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú orúkọ. Lílì ni a ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe lílì gidi. Àwọn tó ń ta òdòdó ń pè é ní amaryllis. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní *Hippeastrum*. Carl Linnaeus ló lo orúkọ Amaryllis ní ọdún 1753. Ní ọdún 1821, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Herbert, fa àwọn tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà yọ, ó sì fún wọn ní orúkọ tiwọn. Inú èdè Gíríìkì ló ti mú un: ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí ẹlẹ́ṣin, àti òmíràn tó túmọ̀ sí ìràwọ̀. Ìjà orúkọ yìí pẹ́. Ọdún 1987, níbi ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ ewéko ní Berlin, ni wọ́n tó fi ẹnu kò pé ti Gúúsù Áfíríkà ni kí ó máa jẹ́ Amaryllis. Nítorí náà, Ìràwọ̀ Ẹlẹ́ṣin ló wà lójú fèrèsé mi.

Kí wá ni a ó máa pe ohun róbótó tó wà lábẹ́ ewé rẹ̀? Kì í ṣe iṣu. Bí ẹ bá gé iṣu sí méjì, kò ní ìpele nínú. Bí ẹ bá gé èyí, bí àlùbọ́sà ló rí, ìpele lórí ìpele. Bí a ṣe ń sọ pé "orí àlùbọ́sà kan", bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ń sọ pé orí lílì. (Àlùbọ́sà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àyálò ni: a yá a lọ́wọ́ Haúsá, Haúsá sì yá a lọ́wọ́ Lárúbáwá.)

Ìdí ni kókó

Ẹ mú àlùbọ́sà kan, kí ẹ là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn ìpele funfun tí ẹ rí, ìsàlẹ̀ ewé ni wọ́n. Inú wọn ni ewéko náà ń tọ́jú oúnjẹ sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí gbogbo ìpele ti pàdé. Ẹ ó rí ohun pẹrẹsẹ kan tó le. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ìgbátí ewéko náà gan-an ni: gbòǹgbò ń ti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ewé àti òdòdó ń ti ibẹ̀ lọ sókè, ẹ̀yìn ìpele tó jókòó lé e ni ọmọ sì ti ń yọ.

Bí ẹ bá ya ìpele kan sọ́tọ̀ tí kò sí ìdí lára rẹ̀, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Ó dà bí àfòmọ́ tí kò rí ọ̀rọ̀ fò mọ́: kò lè dá dúró. Ṣùgbọ́n bí ìdí bá wà lára rẹ̀, bó tiẹ̀ kéré bí èékánná, ìrètí wà.

Bí mo ṣe rí i kọ́

Nígbà ìsinmi lẹ́yìn ìdánwò ìpele 200, mo fi lílì náà sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé inú yàrá. Inú rere ni ọ̀rẹ́ mi fi tọ́jú rẹ̀: omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́. Àwo tí mo gbé sábẹ́ ike náà sì gba gbogbo omi yẹn dúró. Nígbà tí mo padà dé, ewé rẹ̀ ti pọ́n, orí rẹ̀ ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù, ó sì ń rùn. Bí omi bá kún inú iyẹ̀pẹ̀, gbòǹgbò kì í rí afẹ́fẹ́; yóò jẹrà, ìjẹrà náà yóò sì gun orí lọ.

Mo pe màmá mi lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà. Lílì màmá àgbà ti jẹrà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Tẹ̀ ẹ́ wò."

Mo tẹ̀ ẹ́. Apá kan rọ̀, apá kejì le.

"Gé gbogbo ibi tó ti rọ̀ kúrò títí tí o ó fi kan funfun. Bí o bá rí ọmọ lára rẹ̀, má sunkún mọ́."

Mo rí méjì: ọ̀kan tó ẹyin adìyẹ, ọ̀kan kò ju àlùbọ́sà kékeré lọ.

Èso, ọmọ, ẹbu

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi lè sọ lílì di púpọ̀, èdè wa sì ti ní ọ̀rọ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èkíní ni èso. Bí òdòdó bá gbó tó sì so, ẹ ó rí hóró dúdú pẹlẹbẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ó ń hù, ṣùgbọ́n ó lè gba ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọ òdòdó. Hóró tún máa ń pa àbùdá pọ̀, nítorí náà ohun tó bá hù lè má jọ ìyá rẹ̀.

Èkejì ni ọmọ, bí a ṣe ń sọ pé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ara ìyá ni ọmọ yìí ti yọ, kò sí bàbá kankan níbẹ̀. Ewéko kan náà ni, àwọ̀ kan náà, ìrísí kan náà. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà kó tó tanná.

Ẹ̀kẹta ni ẹbu, bí àgbẹ̀ ṣe ń gé iṣu fún gbígbìn. Èyí náà kì í yí àbùdá padà, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù.

Bí a ṣe ń ya ọmọ

1. Ẹ dúró di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ewé ti dín kù, kí òjò tó fìdí múlẹ̀.

2. Ẹ da gbogbo rẹ̀ jáde nínú ìkòkò, kí ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ẹ má fi ewé fà á.

3. Ẹ wo ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kò bá tíì ní gbòǹgbò tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ sára ìyá rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ tí a tètè já lẹ́nu ọmú ni yóò pẹ́ kó tó dàgbà.

4. Bí ó bá ti tó, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já. Bí kò bá já, ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e, kí díẹ̀ nínú ìdí bá a lọ.

5. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ.

6. Ẹ po ilẹ̀dú pọ̀ mọ́ yanrìn, kí omi má baà dúró. Ìkòkò kò gbọdọ̀ tóbi jù: ìka méjì láàárín orí àti etí ìkòkò ti tó. Kí ìdá kan nínú mẹ́ta orí náà yọ síta.

7. Ẹ bu omi sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró di ìgbà tí ewé bá yọ. Lẹ́yìn èyí, ìka ni kí ẹ máa fi bi iyẹ̀pẹ̀ léèrè. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ má bu omi.

8. Bí òdòdó bá rọ, ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gé. Ewé ló ń fi oúnjẹ kún orí. Bí orí lílì ṣe ń dàgbà, ewé mẹ́rin ló ń ṣe kí ìrudi òdòdó kan tó jókòó tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó ń gé ewé nítorí àtiṣe ọ̀ṣọ́, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ló ń gé.

Bí a ṣe ń gé ẹbu

Orí ńlá tó dá ṣáká ni a lè gé sí mẹ́jọ títí dé mẹ́rìndínlógún, bí ẹni ń pín àkàrà òyìnbó, kí ìdí wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tèmi kò pé mọ́, mẹ́fà péré ni mo rí gé níbi tó kù. Mo fi eérú pa ojú wọn bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣe sí ẹbu iṣu. Ẹni tó bá rí oògùn olu lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ọ̀gbìn, kó lo ìyẹn. Mo kó wọn sínú ọ̀rá tó ní yanrìn tó tutù díẹ̀, mo di ẹnu rẹ̀, mo sì gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tó ṣókùnkùn tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, ọmọ wínníwínní máa ń yọ láàárín ìpele méjì. Nínú mẹ́fà tèmi, mẹ́rin bu, mo dà wọ́n nù. Méjì yọ ọmọ. Títí di òní, ewé wọn kò fẹ̀ ju koríko lọ, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè.

Ìkìlọ̀ kan

Májèlé wà nínú orí lílì. Lycorine ni orúkọ rẹ̀. Ó máa ń mú ènìyàn bì, ó sì ń yọ inú lẹ́nu. Àwa tí a ń dáná nínú yàrá tí a ń sùn, ẹ má ṣe gbé orí lílì sí ẹ̀gbẹ́ àlùbọ́sà láé. Ẹ kọ orúkọ sára ọ̀rá rẹ̀. Ẹ pa á mọ́ fún ọmọdé, ajá àti ewúrẹ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gé e.

Mẹ́rin ló wà báyìí

Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò. Ti lílì tiẹ̀ ju ìrọ́pò lọ. Òdòdó tó yọ lójú fèrèsé mi ní oṣù kẹrin, ewéko kan náà tí màmá àgbà fi ọwọ́ ara wọn gbìn ni. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi. Wọ́n pè mí, wọ́n sì ní, "Àwọ̀ ẹnu ọ̀nà wa nìyẹn."

Oṣù díẹ̀ ló kù kí n kúrò níbí. Èyí tó tanná yóò padà sọ́dọ̀ màmá mi. Ọmọ kejì yóò tẹ̀ lé mi lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá rán mi lọ sin ìlú. Ọ̀kan nínú ti ẹbu wà fún ọ̀rẹ́ mi tó bu omi jù. A ti jọ sọ̀rọ̀ nípa àwo abẹ́ ìkòkò. Èyí tó kẹ́yìn, mo fẹ́ gbìn ín sí iwájú ẹ̀ka wa kí òjò tó dá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpele 100, ẹ̀yin ni yóò tanná lójú yín. Bí ọmọ bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó yà á.