Òkè Ọ̀kà ò lè wọ inú láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n àńténà lè wọ̀ ọ́

Ẹni tó bá ti gbé ní Ikun-Àkókó, tàbí tó máa ń lọ sí Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, mọ bí òkè àti àpáta ṣe yí wa ká tó. Ó sì mọ eré tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń fi wá ṣe: ó wà níwájú ilé, ẹ wọ yàrá báyìí, ó ti lọ. Ẹ sún mọ́ fèrèsé, ó tún dé. Kí ló fà á?

Ìgbì rédíò ni, ìyẹn iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì tó jọ ń rìn pọ̀. James Clerk Maxwell gbé òfin tó ń darí wọn jáde ní 1865. Ìgbì tó bá kọlu páánù á ta padà. Èyí tó bá kan ògiri, díẹ̀ á wọlé, díẹ̀ á padà, díẹ̀ á kú síbẹ̀. Ta ló fẹ́ fi bírò ṣírò gbogbo ìyẹn?

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní finite element ti wúlò. Bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ oko ńlá ní ebè-ebè, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á gé àyè tí ìgbì ń gbà sí ẹyọ kéékèèké, á ṣírò ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì rí i pé ìdáhùn ẹyọ kan bá ti aládùúgbò rẹ̀ mu. Ọ̀fẹ́ sì ni irinṣẹ́ rẹ̀: Gmsh ló ń gé e, GetDP tàbí Elmer ló ń ṣírò, ParaView ló ń yà á sí àwòrán. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ kan, àfi dátà tẹ́ ẹ fi wà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀ ná. Ní 900 MHz, tí fóònù ń lò, ìgbì kan gùn tó sẹ̀ntímítà 33. Kí ìdáhùn tó ṣeé gbọ́kàn lé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ju bíi ìdá mẹ́wàá rẹ̀ lọ, ká ní sẹ̀ntímítà 3. Yàrá tó jẹ́ mítà 3 ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga máa gba ẹyọ mílíọ̀nù kan. Láptọ́ọ̀pù á làágùn. Òkè tó gba kìlómítà kan lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́? Ó lé ní tírílíọ̀nù 37. Ẹ gbàgbé ẹ̀! Ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n ń lò fún òkè.

Àńténà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wáyà tó jẹ́ ìdá mẹ́rin ìgbì yẹn, bíi sẹ̀ntímítà 8, nínú àpótí kékeré, kò ní dààmú láptọ́ọ̀pù yín.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, àwòrán tí mo rí rí jágbajàgba. Mo gbàgbé pé etí àpótí náà dà bí àpáta: ìgbì ń kọlù ú, ó ń ta padà bí ẹni pariwo lábẹ́ òkè. Oògùn rẹ̀ ni ìpele tó ń gbé ìgbì mì, PML, tí Jean-Pierre Berenger gbé jáde ní 1994. Mo fi í sí i, ara rọ̀ mí.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: ẹ gé ẹyọ yín kéré sí i, kẹ́ ẹ tún un ṣírò. Bí ìdáhùn bá yí padà gan-an, ẹ má tíì gbà á gbọ́. Bó bá dúró, ẹ wá lọ gé wáyà. Wáyà tẹ́ ẹ bá gé kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, owó ni. Èyí tẹ́ ẹ gé nínú kọ̀ǹpútà, ẹ kàn máa tún un gé ni.