Yíyan Fíùsì tí ó Yẹ fún Pọ́ǹpù Epo Inú Ọkọ̀

Ìfáárà

Ní àkókò tí Peugeot 504 oníkábúrétọ̀ pọ̀ lójú títì ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń wa pọ́ǹpù epo. Iná mànàmáná kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó gba ipò rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò kékeré tí ó ń lo iná, tí ó sì wà nínú táńkì, ni ó ń ti epo lọ sí iwájú. Fíùsì ni oníbodè tí ó wà láàárín bátìrì àti mọ́tò yìí. Bí ó bá jó, ọkọ̀ yóò kú sójú títì, bí epo tilẹ̀ kún táńkì. Awakọ̀ tí ilẹ̀ ń ṣú lé lórí kì í sì í bèèrè fíùsì tí ó yẹ. Èyí tí yóò mú ọkọ̀ rìn ni ó ń wá. Ohun tí iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò ni bí ènìyàn ṣe lè mọ èyí tí ó yẹ, àti ewu tí ó wà nínú èyí tí kò yẹ.

Ohun tí Fíùsì ń Dáàbò Bò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé pọ́ǹpù ni fíùsì ń ṣọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà: wáyà ni ó ń ṣọ́. Bí iná bá ń ṣàn nínú wáyà, wáyà a máa gbóná. Bí ìṣàn náà bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú fíùsì ni wọ́n ṣe kí ó kọ́kọ́ yọ́, kí rọ́bà ara wáyà tó yọ́.

Nítorí náà, fíùsì kò gbọdọ̀ lágbára ju wáyà lọ. Ẹni tí ó bá yọ fíùsì áńpíà 15, tí ó fi 30 rọ́pò rẹ̀, ti sọ wáyà gan-an di fíùsì. Wáyà yìí sì ń gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn dé orí táńkì, níbi tí òórùn bẹntiróòlù wà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi wáyà lásán tàbí bébà dídán inú páálí sìgá dí ojú fíùsì. Èyí burú ju fíùsì ńlá lọ, torí pé kò ní òǹkà kankan tí yóò dá iná dúró.

Yíyan Òǹkà

Ohun tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ kọ sí ìdérí àpótí fíùsì tàbí sínú ìwé ọkọ̀ ni kí ènìyàn kọ́kọ́ kà. Bí ó bá kọ 15, 15 náà ni. Ìṣirò kò sí níbẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ pọ́ǹpù sí oríṣi mìíràn, tàbí tí wọ́n fa wáyà tuntun, ni ìṣirò wọ̀ ọ́. Pọ́ǹpù ọkọ̀ kékeré sábà máa ń gba áńpíà bíi 4 sí 8. Ìlànà ni pé kí ìṣàn tí kò dáwọ́ dúró má ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òǹkà fíùsì lọ. Bí pọ́ǹpù bá ń gba 7, pín 7 pẹ̀lú 0.75, yóò di 9.3, fíùsì 10 ni ó sì súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mọ́tò a máa fa iná ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì a sì máa dín agbára fíùsì kù. Ìdí nìyí tí 15 fi wọ́pọ̀ fún irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀, bí wáyà bá nípọn tó láti gbé ju 15 lọ láìgbóná. Bí kò bá nípọn tó, wáyà ni kí wọ́n pààrọ̀.

Kì í ṣe pé fíùsì 15 yóò jó ní kété tí ìṣàn bá di 16. Fíùsì pẹlẹbẹ tí ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ lè gbé ìdá 110 nínú 100 òǹkà rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún wákàtí. Bí ìṣàn bá di nǹkan bí 20, ó lè gba tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó jó. Bí ó bá di 30, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Ìgbà díẹ̀ yìí ni wáyà gbọ́dọ̀ lè fara dà.

Àwọ̀ ni wọ́n fi ń tètè dá wọn mọ̀: 10 pupa, 15 búlúù, 20 yẹ́lò, 30 àwọ̀ ewé. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé fíùsì 13 inú pọ́lọ́ọ̀gì ilé a máa jẹ́ búráùn, bẹ́ẹ̀ búráùn inú ọkọ̀, 7.5 ni.

Bí Fíùsì Bá Ń Jó Léraléra

Fíùsì tuntun tí ó tún jó ń sọ̀rọ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ti dí asẹ́ epo, tí pọ́ǹpù fi ń tiraka, tí ó sì ń fa iná púpọ̀. Ó lè jẹ́ awakọ̀ tí kì í jẹ́ kí epo ga nínú táńkì. Epo náà ni ó ń tu pọ́ǹpù lára, bí ó bá sì ti ń gbóná jù, yóò tètè gbó. Ó sì lè jẹ́ wáyà tí rọ́bà rẹ̀ ti bó, tí ó ń kan irin ara ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú kòtò nìkan ni fíùsì ti ń jó, wáyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí.

Oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní rìwáyà, lè yọ ẹnu wáyà kúrò lára pọ́ǹpù, kí ó fi fíùsì olóǹkà kan náà sí i, kí ó sì yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni fẹ́ jí ọkọ̀. Bí fíùsì bá jó síbẹ̀, wáyà ni ó ń ṣe é. Bí kò bá jó, kí ó dá ẹnu wáyà padà, kí ó fi mítà wọn ìṣàn. Bí mítà bá fi 12 hàn níbi tí 7 yẹ kí ó wà, pọ́ǹpù àti asẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ èyí tí ó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi fíùsì 15 mìíràn sí i.