Òótọ́ àbí irọ́? Èédú tí kò rú èéfín kò léwu nínú yàrá

"Ẹ jẹ́ kí èédú náà pọ́n dáadáa, kí èéfín rẹ̀ tán, ẹ lè wá gbé e wọlé." Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Nígbà ọyẹ́, nígbà tí òjò bá lé alásè kúrò lẹ́yìnkùlé, nígbà tí owó gáàsì bá ga ju àpò lọ, ìmọ̀ràn yìí kan náà ni. Àwọn tó ń gbà wá nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń sọ. Igi tútù ń rú èéfín, ó ń ta wá lójú, ó ń mú wa húkọ́. Èédú pọ́n rẹ́rẹ́, kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Èwo ló léwu nínú méjèèjì?

Ẹ má tíì dáhùn o.

Gáàsì kan wà tó ń jẹ́ carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Iná tí afẹ́fẹ́ kò tó ló ń bí i, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni èédú ṣe ń jó: láìsí ọwọ́ iná, díẹ̀díẹ̀, tí eérú bò ó lórí. Ìgbà tó dákẹ́ tó pọ́n, tó wá wuyì lójú wa, ó ṣì ń tú gáàsì yìí jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí a bá fà á símú, á lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbé ọ́síjìn kiri ara, ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ sì le ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ó dà bí èrò tó jókòó sínú dánfó tó kọ̀ tí kò sọ̀ ní ibùdókọ̀ kankan: ọ́síjìn dúró lẹ́bàá títì, kò ráyè wọlé.

Ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀. Ẹni tí kò tíì sùn náà lè má fura, nítorí orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ibà lará wa á pè é, wọ́n á sì ránṣẹ́ sí oníkẹ́míìsì. Àmọ́ ibà kì í bá gbogbo ilé fínra ní wákàtí kan náà, kì í sì í fúyẹ́ nítorí pé a jáde síta.

"Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi dáná títí tó fi di arúgbó kùjọ́kùjọ́." Mo gbà. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí màmá ti ń dáná. Lọ́pọ̀ agboolé, ilé ìdáná wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé. Àlàfo wà láàárín ògiri àti òrùlé, àgbàdo sì ń gbẹ lókè ààrò, torí pé ibẹ̀ ni èéfín ń gbà kọjá. Gáàsì náà ń bá a jáde. Ẹ wá wo yàrá tiwa: fèrèsé gíláàsì tó tì pinpin, sílíǹgì lókè, aṣọ tí a fi dí ìdí ilẹ̀kùn nítorí ẹ̀fọn. Ohun tó ṣeé ṣe ní ilé màmá la kó wá síbí, a ò sì kó àlàfo rẹ̀ dání.

Ká tilẹ̀ sọ òdodo, màmá náà kò bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé aboyún 324, wọ́n sì fún apá kan nínú wọn ní sítóòfù tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù dípò igi tàbí kẹrosíìnì. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 2017 fi hàn pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba sítóòfù tuntun náà dára ju ti àwọn yòókù lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ṣírò pé èéfín ìdáná nínú ilé pa tó mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020.

Ẹlòmíràn á ní àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń dáná igi ní pálọ̀, wọ́n sì ń jí láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Àpótí irin tó ní ilẹ̀kùn ni sítóòfù wọn, páìpù kan gbé èéfín rẹ̀ la òrùlé kọjá, orí òkúta ló dúró sí, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, láti 2010 ni òfin Ẹ́ńgílàǹdì ti sọ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú sítóòfù yìí kalẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń pariwo bí gáàsì yìí bá jáde sínú yàrá náà, láàárín mítà 1 sí 3 sí sítóòfù. Àwọn tó ní páìpù kò fọkàn tán páìpù. Àdògán tiwa wá ńkọ́, tí kò ní nǹkan kan?

Fèrèsé ṣíṣí sàn ju títì lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lè dáwọ́ dúró nígbà tó bá wù ú, kò ní jí yín kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní ká fún ẹni tí gáàsì náà bá mú ní epo pupa mu. Irọ́ pátápátá. Ikùn lepo ń lọ, inú ẹ̀jẹ̀ ni gáàsì wà. Bí a bá sì rọ epo sẹ́nu ẹni tó ti dákú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ. Ẹ gbé onítọ̀hún síta, ẹ pe 112, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn.

Irọ́ ni, nígbà náà. Bó bá jẹ́ èédú lẹ ní, ẹ dá a síta, lábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri, kó jìnnà sí fèrèsé. Bí ẹ bá sè tán, ẹ má gbé e wọlé láti fi yáná. Ẹ wá aṣọ ìbora. Ìta ni kí àdògán náà sùn títí eérú rẹ̀ yóò fi tutù.