Ẹ̀bùn Ọmọ Kékeré Kò Gbọdọ̀ Di Gbèsè

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú àwọn kan, nítorí pé lórí ìlédìí ọmọ, ìbora ọmọ àti ọmọlangidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá wa jókòó rí nígbà tí a ń parí ìjà láàárín tọkọtaya yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí ohun gbogbo sì gbówó lórí lọ́jà, ọ̀pọ̀ ìjà tí wọ́n ń gbé wá bá àwa àáfà ní Ìbàràpá níbí, gbèsè ni ó bí i. Ọ̀pọ̀ nínú gbèsè náà ni kì í sìí ṣe ti oúnjẹ tàbí ti oògùn. Gbèsè ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ọjọ́ sùnnọ́n ọmọ, tàbí ti ọdún Iléyá tí bàbá sọ pé ojú yóò ti òun bí àwọn ọmọ òun kò bá ní nǹkan tuntun lọ́wọ́ bí ọmọ aládùúgbò.

Ní Ìgbó-Ọrà ọ̀rọ̀ náà tún di ìlọ́po méjì. Ìbejì ni gbogbo ayé fi mọ̀ wá. Dókítà Patrick Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí nípa ìbejì ní ẹkùn wa láàárín 1972 sí 1982, ó sì rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, ti ìbejì a máa tó 45 sí 50. Láti 2018 ni a sì ti ń ṣe ọdún ìbejì tí àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ilasa ni ó fà á, àwọn kan ní àmàlà ni. Èmi ní Ọlọ́hun ni ó ń fi ọmọ ta ẹni tí ó wù ú lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó wá ya fọ́tò kì í dúró di alẹ́ kí ó rí bàbá ìbejì níbi tí ó ti ń ṣírò: bàtà méjì, fìlà méjì, aṣọ méjì, ohun ìṣeré méjì. A kì í ra nǹkan fún Táyé kí a má ra irú rẹ̀ fún Kẹ́hìndé. Bẹ́ẹ̀ ni èrè oko ẹ̀gúsí kì í di méjì nítorí pé ọmọ di méjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀sìn béèrè lọ́wọ́ wa. Àkíìkà dára púpọ̀, sùnnà Ànábì wa ni, kí ìkẹ́ àti ọ̀là Ọlọ́hun máa bá a. Ṣùgbọ́n Imáámù Máálíkì, ẹni tí àwa àáfà ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀, sọ nínú ìwé rẹ̀ Muwatta pé kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ohun tí ó wuyì láti ṣe ni. Ẹran kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ni, ìbáà jẹ́ ọkùnrin ìbáà jẹ́ obìnrin. Ẹni tí kò ní, kò jẹ̀bi. Nínú ìwé kan náà ni a ti kà pé Fátímọ̀ ọmọ Ànábì fá irun àwọn ọmọ rẹ̀, ó wọn ìwúwo irun náà, ó sì fi fàdákà tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ṣe sàráà. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ mọ òṣùwọ̀n, ẹ bá mi wò ó: mélòó ni irun orí ọmọ ọjọ́ méje yóò wọ̀n? Ọmọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì tì í lójú.

Gbèsè ńkọ́? Wọ́n gbé òkú kan wá síwájú Ànábì kí ó kírun sí i lára. Nígbà tí ó gbọ́ pé ẹni náà jẹ gbèsè, tí kò sì fi ohun tí a lè fi san án sílẹ̀, kò kírun náà, ó ní kí àwọn Sàábà kí i. Àfìgbà tí Abú Kàtádà sọ pé òun gba gbèsè náà sí ọrùn òun kí ó tó kí i. Gbèsè náà kò ju owó wúrà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Èmi kò mọ ẹni tí yóò dà bí Abú Kàtádà fún ẹni tí ó jẹ gbèsè nítorí aṣọ ẹbí àti ike ìṣeré.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ọjọ́ kan ni ìyá ìbejì kan tí ó ń ta gàrí wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Àáfà, ẹ kú ilé o. Ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ̀.” Ó ní òun gé etí ìró òun tí ó ti gbó, òun fi rán ọmọlangidi méjì fún àwọn ọmọbìnrin òun. Aládùúgbò kan rí i, ó ní ère ìbejì ni ó rán yẹn, kí ó tètè sun ún níná kí ó má baà di kèfèrí. Ó sun ún. Nígbà tí àwọn ọmọ kò dákẹ́ ẹkún, ó lọ gba ọmọlangidi oníke méjì láwìn lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kiri ọjà, owó rẹ̀ sì kọjá èrè gàrí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi í pé, “Ìyá ìbejì, èyí tí o fi aṣọ rán, ó ní ojú?” Ó ní, “Rárá, Àáfà, mo kàn fi òwú so ó lọ́rùn ni.” “Oníke ńkọ́?” Ó ní ó ní ojú, ó ní imú, ó ní irun tí ó gùn dé ìdí, bí a bá sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ yóò pa ojú dé. Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ dáadáa, nítorí pé kì í ṣe obìnrin yìí nìkan ni wọ́n ti fi dẹ́rù bà. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ère ìbejì jẹ́. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a gbẹ́ igi ní àwòrán rẹ̀. Wọn a máa wẹ̀ ẹ́, wọn a máa fi osùn pa á lára, wọn a máa fún un ní oúnjẹ, wọn a sì máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Àdúà àti sàráà ni tiwa fún ọmọ tí ó lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń bọ ọmọlangidi? Ọmọ a gbé e pọ̀n ní àárọ̀, a lù ú ní ọ̀sán pé kò jẹun, a sì gbàgbé rẹ̀ sí ìta tí òjò yóò fi pa á. Ohun tí a ń ṣe sí nǹkan ni ó ń sọ ọ́ di òrìṣà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn tí ó wá ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Yorùbá rí àwọn ìyá tí ó ń lo ọmọlangidi oníke tí wọ́n rà lọ́jà dípò ère igi, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ère. Nítorí náà ike tí ó ti òkèèrè wá kò mọ́ ju àkísà ilé lọ.

Nínú Hàdíìsì, Bukhari gbà á wá pé Àíṣátù, ìyàwó Ànábì, a máa fi ọmọlangidi ṣeré, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa wá bá a ṣeré. Bí wọ́n bá sá nígbà tí Ànábì wọlé, òun ni yóò dá wọn padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Abú Dáwúdù sì gbà á wá pé Ànábì rí ẹṣin kan láàárín àwọn ọmọlangidi náà, tí ó ní ìyẹ́ méjì tí a fi àkísà ṣe. Ó bi í pé ṣé ẹṣin a máa ní ìyẹ́ ni. Àíṣátù fèsì pé ṣé kò tíì gbọ́ pé ẹṣin Ànábì Sulaimọ̀nù ní ìyẹ́? Ànábì rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi hàn. Kádì Iyaad, àgbà nínú àwọn onímọ̀ Máálíkì, sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gba ọmọlangidi láàyè fún ọmọdé. Ẹ tún gbọ́ ti Rubayyi, obìnrin kan nínú àwọn ará Mẹdínà. Ó ní nígbà tí wọ́n ń gba ààwẹ̀ Àṣúrà, wọn a máa fi irun àgùntàn tí a pa láró ṣe ohun ìṣeré fún àwọn ọmọ; bí ọmọ bá sunkún oúnjẹ, wọn a gbé e fún un títí ìṣínu yóò fi tó. Nínú Bukhari àti Muslim ni èyí wà. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ìyá náà ni ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Kò sí ẹni tí ó lọ gba nǹkan láwìn.

Kí ni a wá lè fi ọwọ́ ara wa ṣe? Ọmọ jòjòló kò mọ ike, aṣọ tí ó rọ̀ ni ó mọ̀. Ìró òwú tí ìyá ti fọ̀ fún ọdún márùn-ún rọ̀ ju ohunkóhun tí ó wà nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìró yáàdì méjì yóò fúnni ní ìlédìí mẹ́fà tí ó fẹ̀ dáadáa. Kí a fi abẹ́rẹ́ ká etí rẹ̀ kí ó má baà tú. Bí a bá sá a síta, kí a lọ̀ ọ́ kí a tó fi wọ ọmọ, nítorí eṣinṣin kan wà tí ó ń yé sára aṣọ tutù, tí ìdin rẹ̀ yóò wọ ara ọmọ di eéwo. Iná ayọ́ọ̀nù ni ó ń pa á.

Ìbora ńkọ́? Ẹ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí ó tó gbálẹ̀. Àjákù áńkárá tí ó fẹ́ dà nù, bí a bá rán an pọ̀ ní ìlà ìlà, tí a fi aṣọ funfun kan tẹ́ inú rẹ̀, ìbora dé nìyẹn. Ẹgbẹ́ Àsàlátù ogún obìnrin lè rán ìbora kan fún ìyá tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí olúkúlùkù mú ìlà kan wá. Mo ti rí irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Pákò. Ó pọ̀ ní àwọ̀ bí ojú ọjà. Owó tí wọn ì bá fi ra aṣọ ẹbí, wọ́n fi ra oúnjẹ fún ìyá ọmọ. (Ẹ má wá torí ọ̀rọ̀ yìí rán ìrọ̀rí fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ o. Ìrọ̀rí lè bo imú rẹ̀ lójú oorun.)

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í di nǹkan mú, a lè fi àdó kékeré ṣe ohun tí yóò máa mì kí ó máa dún. Kí a ha inú rẹ̀ dáadáa, kí a kó àgbàdo gbígbẹ tàbí èso ìdò sí i, kí a sì dí ẹnu rẹ̀ pinpin kí ọmọ má baà rí èso náà gbé mì. Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀: ẹ má ṣe fi èso ojú ológbò sí i láé, èyí tí ó pupa tí ó ní dúdú lórí. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n májèlé ni. Bí àdó bá fọ́ tí ọmọ sì rún ọ̀kan lẹ́nu, ó lè pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni èso lárà.

Àwọn ọmọbìnrin Ìbàràpá kò tilẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ìgbà ìkórè, ṣùkù àgbàdo ni ọmọ wọn, wọn a fi irun àgbàdo dirí fún un, wọn a sì fi àjákù aṣọ pọ̀n ọ́n. Àwọn ọkùnrin a fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò, wọn a gé sálúbàtà rọ́bà tí ó ti já ṣe táyà rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá níbẹ̀ ni kí ó fi òkúta lu etí agolo náà kí ó má baà gé ọmọ lọ́wọ́, kí ó sì rí i pé kì í ṣe agolo oògùn kòkòrò tàbí oògùn pa-koríko ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń lo oògùn wọ̀nyí lóko, tí a sì ń jù agolo rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Kí a sin ín sí oko lọ́hùn-ún, kí ó má wọlé.

Ẹ̀bùn kan wà tí èmi fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, bóyá nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Wàláà ni. Bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí bàbá rẹ̀ wá pákó fẹ́lẹ́, kí ó gé e kí ó ní ìdìmú, kí ó fi yanrìn àti omi fá a títí yóò fi dán. Pòròpórò ọkà bàbà ni kí ó gbẹ́ ṣe kálámù. Dúdú ìdí ìkòkò tí a pò mọ́ oje igi yóò ṣe tàdáwà. Kò ná an ní ohun kan bí kò ṣe ìrọ̀lẹ́ méjì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ wàláà fún a máa gbé e rù wá sí ilé kéwú bí ẹni gbé adé. Àwọn tí wọ́n ra ìwé aláwòrán fún, wọn a ti fa á ya kí wọ́n tó mọ alífù àti bá.

Ẹ̀yin oníṣòwò, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní àáfà fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ta ọjà yín fún ẹni tí ó ní owó. Ìyá ọmọ tuntun tí kò ní owó lọ́wọ́ ni kí ẹ má ṣe máa fi àwìn lé kiri, kí ẹ wá jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí oṣù bá pé. Ẹni tí ó bá mọ abẹ́rẹ́ dì mú nínú yín lè rán ọmọlangidi àti ìbora wọ̀nyí fún títà pẹ̀lú. Ẹ̀yin télọ̀ Èrúwà, Láǹlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀, Ìgàǹgàn àti Ìgbó-Ọrà, ẹ dákun, ẹ má dáná sun àjákù aṣọ mọ́. Ẹ kó o sínú àpò, kí ẹ gbé e fún àwọn obìnrin Àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí yín lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Bí ẹ bá lè fi òwú funfun àti òwú dúdú kọ̀ọ̀kan kún un, Ọlọ́hun yóò san yín lẹ́san, nítorí òwú ni ó ń kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ wọn.