Gálásì Onírù

Nínú gbogbo ohun tí awò awọ̀nàjíjìn Hubble ti yà ní àwòrán, gálásì kan tí wọ́n ń pè ní ESO 137-001 ló máa ń ká mi lára jù. Apá gúúsù ojú ọ̀run ló wà, ó sì jìnnà sí wa tó nǹkan bí 220 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀. Ara rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àárín rẹ̀ ń tàn, apá rẹ̀ sì lọ́ yí i ká. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín aláwọ̀ búlúù ń tú jáde lára rẹ̀, gbogbo wọn kọrí sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìràwọ̀ tuntun ló wà nínú wọn, tí a bí sí ẹ̀yìn odi. Awò Chandra, tó ń fi ìtànṣán X-ray ríran, rí ìrù gáàsì tó gùn tó 260,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Gálásì tiwa láti etí kan dé èkejì kò ju nǹkan bí 100,000 lọ.

Èrò ló fà á. Gálásì yìí ń já wọ àárín àgbájọ ńlá kan, Abell 3627, níbi tí gálásì ti pọ̀ lọ súà. Àlàfo àárín wọn kò ṣófo. Gáàsì tó gbóná tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìwọ̀n ló kún un, bó tilẹ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà rí mọ̀ pé bí ewé kankan kò tilẹ̀ mì, eré ọ̀kadà nìkan tó láti ṣí fìlà lórí ẹni. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ James Gunn àti Richard Gott ṣàlàyé lọ́dún 1972 nìyẹn: bí òòfà àgbájọ ṣe ń fa gálásì wọlé, gáàsì gbígbóná yẹn ń gbá gáàsì tútù lára rẹ̀ dànù. Àwọn ìràwọ̀ ki, wọn kì í mira. Gáàsì ló ń lọ, inú rẹ̀ sì ni ìràwọ̀ ti ń wá.

Gálásì tó pàdánù gáàsì kì í kú lójijì. Ìràwọ̀ ńláńlá aláwọ̀ búlúù ló kọ́kọ́ ń jó tán, láàárín mílíọ̀nù ọdún mélòó kan. Àwọn kéékèèké pupa tí ẹ̀mí wọn gùn ló ń ṣẹ́ kù, láìní arọ́pò.

Onímọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, Alan Dressler, yẹ irú àgbájọ bẹ́ẹ̀ 55 wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1980. Ibi tí gálásì bá ti há jù, àwọn tó ní apá lílọ́ kì í tó nǹkan. Àwọn roboto tí ìbí ti dá lára wọn ló kún ibẹ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru gáàsì gbígbóná: aládùúgbò tó ń sáré kọjá náà ń fi òòfà fa ara ẹni tú.

Àdúgbò tó tòrò ni gálásì tiwa wà. Lálẹ́ tí iná mànàmáná kò bá sí, ẹ jáde, ẹ wo ìmọ́lẹ̀ funfun gbọọrọ tó la ojú ọ̀run kọjá. Òun nìyẹn, ó ṣì ń sọ gáàsì tó wúwo tó oòrùn kan tàbí méjì di ìràwọ̀ lọ́dọọdún.