Ìsọdọ̀kan Àìtọ́jọ́: Àbá Orúkọ fún Àìsàn Agbárí Ọmọ Ọwọ́

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ kúkúrú yìí ni láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó péye fún àìsàn kan tí ó ń ṣe nǹkan bí ọmọ 1 nínú 2,000 sí 2,500 tí a bá bí. Nínú àìsàn yìí, egungun agbárí ọmọ a máa di ọ̀kan kí ọpọlọ tó dàgbà tó.

Agbárí ọmọ tuntun kì í ṣe egungun kan ṣoṣo. Egungun pẹlẹbẹ mélòó kan ni, àlàfo tín-ín-rín sì wà láàrin wọn. Àlàfo yìí ni a dábàá pé kí a pè ní ‘ojú-ìrán agbárí’, nítorí ó jọ ibi tí aránṣọ ti pa etí aṣọ méjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ojú-ìrán aṣọ kì í hù. Etí ojú-ìrán agbárí ni egungun tuntun ti ń hù bí ọpọlọ ti ń tóbi sí i.

‘Ìsopọ̀’ kò tó láti fi pe àìsàn náà, nítorí ohun méjì tí a so pọ̀ ṣì jẹ́ méjì. ‘Ìsọdọ̀kan’ ni ó yẹ. Síbẹ̀, ìsọdọ̀kan nìkan kì í ṣe àìsàn: ojú-ìrán tí ó wà níwájú orí a máa di ọ̀kan láàrin oṣù 3 sí 9, àwọn yòókù a sì dúró di ìgbà àgbà. Àsìkò ni ọ̀rọ̀ wà. Èdè wa sì ní ọ̀rọ̀ fún èyí nílẹ̀: ikú tí ó dé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ikú àìtọ́jọ́ ni. Nítorí náà, ‘ìsọdọ̀kan àìtọ́jọ́’ ni àbá wa.

Kí ni ó ń fà á? Mólékù kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tí à ń pè ní FGFR2. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ońṣẹ́ ìdàgbà tí ó ti òde wá, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún inú sẹ́ẹ̀lì. A lè pè é ní ‘olùgbà’, ṣùgbọ́n ‘oníbodè’ ni ó tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí oníbodè ni ó mọ ẹni tí ó yẹ kí ó wọlé. Ní 1994 ni a fi hàn pé àyípadà nínú àbùdá oníbodè yìí ni ó ń fa àìsàn Crouzon. Lọ́pọ̀ ìgbà, oníbodè náà a máa jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ní 1995 ni ti àìsàn Apert hàn: níbẹ̀, oníbodè a di ońṣẹ́ mú pẹ́ jù, a sì tún máa gba ońṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní 1997 ni a rí ipa TWIST1 nínú àìsàn Saethre-Chotzen. ‘Akóníjàánu’ ni a pe èyí, nítorí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tètè di egungun. Bí ẹ̀dà kan nínú méjì rẹ̀ bá bàjẹ́, ìjánu a tú. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó ní àìsàn yìí ni a rí àyípadà àbùdá lára rẹ̀.

Ìdí tí a fi ń ṣọ́ orúkọ ni pé ògbufọ̀ tí ó bá kọ ‘orí tí a tẹ̀ bàjẹ́’ ti di ẹ̀bi ru ìyá. Ọwọ́ tí a fi ń tẹ orí ọmọ nígbà ìwẹ̀ kọ́ ni ó ń fa àyípadà àbùdá. ‘Àìtọ́jọ́’ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó sì ń rán òbí létí pé ọjọ́ ń lọ. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí wọ́n tó pé ọdún kan.

A fi àwọn àbá wọ̀nyí síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ fún àyẹ̀wò.