Ǹjẹ́ Iye Tí Mẹkáníìkì Pè Tọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí kì í ṣe ti ewì, kì í sì í ṣe ti gírámà. Ọ̀rọ̀ owó ni. Kò sí ilé tí ọkọ̀ wà, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní Arimogija ìlú mi, tí a kì í ti í gbọ́ ọ pé, "Olè ni mẹkáníìkì yẹn." Bí ẹ bá sì dé ìsọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ó gbọ́ tiwọn náà pé, "Ahun ni ọlọ́kọ̀ yẹn. Ó fẹ́ jẹ ọbẹ̀, kò fẹ́ ra ata." Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ọ̀tún kí a sì gbọ́ ti òsì, kí a tó sọ bí a ṣe lè mọ̀ pé iye tí wọ́n pè tọ́ tàbí kò tọ́.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe bí owó náà ti pọ̀ tó ni a fi ń mọ̀. Owó tí ó tọ́ ni èyí tí a lè tú palẹ̀, tí a lè tọ́ka sí ohun tí apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lọ ṣe, tí a sì ti fẹnu kò lé lórí kí sípáná tó kan bọ́ọ̀tì.

Ohun mẹ́rin tí ó wà nínú owó náà

Èkínní ni owó àyẹ̀wò. Láyé ọkọ̀ Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ lè fi etí lásán mọ ohun tí ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ òde òní ní kọ̀ǹpútà nínú. Láti orí ọkọ̀ ti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ kéékèèké ní ojú ihò kan lábẹ́ ìdarí, níbi tí a ti lè fi ẹ̀rọ ka àìsàn ọkọ̀. Púpọ̀ nínú tókúnbọ̀ tí a ń gùn nílé sì ti Amẹ́ríkà wá. Ẹni tí ó fi owó ra ẹ̀rọ náà, tí ó sì kọ́ bí a ti ń lò ó, ó tọ́ kí ó gba owó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó lè sọ pé iná kò jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì ni, ó lè jẹ́ kọ́ìlì, ó sì lè jẹ́ nọ́sù. Ọgbọ́n orí mẹkáníìkì ni yóò mọ èyí tí ó jẹ́.

Èkejì ni owó páàtì. Oríṣi mẹ́ta ni páàtì tí a ń rí lọ́jà: tuntun tí ó jẹ́ ojúlówó, tókúnbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òkè òkun, àti ayédèrú tí wọ́n dì sínú páálí dídára. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú owó náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bí ₦460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báńkì. Ní ọdún 2024 ó kọjá ₦1,500. Ẹni tí ó bá ń fi iye tí ó ra páàtì ní ọdún 2022 bá mẹkáníìkì jà, ìjà àìmọ̀dí ni ó ń jà.

Ẹ̀kẹta ni owó ìrìn. Mẹkáníìkì tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Mushin lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà Ládípò. Ti Arimogija kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá rí páàtì ní Ìfọ́n tàbí ní Ọ̀wọ̀, Benin ni a ó lọ, sí ọjà páàtì Uwelu. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan. Iye tí wọ́n pè ní ìlú wa kò lè bá ti Èkó dọ́gba, kò sì sọ ẹni tí ó pè é di olè.

Ẹ̀kẹrin ni owó iṣẹ́ ọwọ́, ibẹ̀ gan-an ni egbò wà. A kì í fẹ́ sanwó fún ìmọ̀. A gbà pé irin níye lórí, ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá fi wákàtí kan tún ohun tí ó ti ń dà wá láàmú fún oṣù mẹ́ta ṣe, a ó ní, "Kí ló ṣe gan-an?" A gbàgbé àwọn ọdún tí ó fi jẹ́ ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, tí ó ń fọ irin tí ó ń gbé jáàkì, kí ó tó gbòmìnira.

Ìwé owó méjì

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Toyota Camry àtijọ́ kan tí ó fi ń kó èrò àti ẹrù oko. Nígbà tí ọkọ̀ náà ń gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, èmi ni mo bá wọn wá mẹkáníìkì. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Ẹ mú ₦90,000 wá, ọkọ̀ yóò dìde." Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tú u palẹ̀. Ó ní ràdíétọ̀ tókúnbọ̀ jẹ́ ₦75,000, iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́ ₦15,000. Ó ní òun yóò yọ tẹ́mósítáàtì dà nù, omi lásán ni òun yóò sì rọ sí i.

Ẹnì kejì pe ₦125,000. Ràdíétọ̀ tókúnbọ̀ irú kan náà ₦55,000, tẹ́mósítáàtì ₦12,000, kúláǹtì ₦10,000, róbà omi ₦8,000, owó ọkọ̀ lọ sí Benin ₦10,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦30,000.

Bí ẹ bá wo iye nìkan, ẹ ó ní ẹni àkọ́kọ́ ni ó ṣàánú wa. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ó fi ₦20,000 lé orí ràdíétọ̀. Bí a bá yọ owó ọkọ̀ ₦10,000 nínú rẹ̀, ₦10,000 ṣì kù. Owó iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ ₦25,000, kì í ṣe ₦15,000 tí ó sọ. Kò gbà tó ẹnì kejì pàápàá! Kí ló dé tí ó fi tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ràdíétọ̀? Nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá pe ₦25,000 fún iṣẹ́ ọwọ́, a ó ná an dé ₦10,000. Àwa ni a kọ́ ọ ní ibi tí yóò fi owó rẹ̀ pamọ́ sí.

Síbẹ̀ ìwé owó tirẹ̀ kò tọ́, nítorí ohun tí ó yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Tẹ́mósítáàtì ni ìlẹ̀kùn tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ràdíétọ̀. Bí omi bá tutù, yóò tì í. Bí ó bá gbóná tó nǹkan bí 82 sí 90 ní òṣùwọ̀n Celsius, yóò ṣí i. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná tó bí ó ti yẹ kó gbóná, yóò máa mu epo, yóò sì máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi lásán ń mú kí irin dípẹtà, ìpẹtà ni ó sì máa ń dí ràdíétọ̀. Owó tí a kò san lónìí, ọ̀la ni a ó san án. Bí ọkọ̀ bá sì kú sí ojú ọ̀nà Ìfọ́n sí Ọ̀wọ̀ lálẹ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti owó. Ọ̀nà yẹn kan náà, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka, ni àwọn agbébọn ti yìnbọn fún Olúfọ́n ti Ìfọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, tí ọba náà fi wàjà. Ẹnì kejì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé iṣẹ́ náà fún.

Ibi tí ìrẹ́jẹ ti ń wọlé

Kì í ṣe pé ìrẹ́jẹ kò sí. Mo mọ ọ̀nà mẹ́ta tí ó ń gbà wọlé. Wọ́n lè gba owó tuntun kí wọ́n fi tókúnbọ̀ sí i. Wọ́n lè pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. Wọ́n sì lè máa sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ eléyìí wò ná," títí owó ọlọ́kọ̀ yóò fi tán, láìjẹ́ pé àìsàn náà lọ. Lójú tèmi, ọlọ́kọ̀ lè san owó páàtì tí a fi dán an wò bí ó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ó san owó iṣẹ́ fún àbá tí kò mọ́ ọn.

Òfin kò dákẹ́ lórí èyí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, ní kí ẹni tí ó bá ń ta ohun àlòkù tàbí èyí tí a tún ṣe sọ ọ́ gbangba fún ẹni tí ń rà á, kí iṣẹ́ tí a sì gba owó rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ gidi. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1971 ni òfin ti wà pé mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ kọ iye tí yóò gbà sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, pé kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀ láìjẹ́ pé ọlọ́kọ̀ gbà á láyè, àti pé ọlọ́kọ̀ lè béèrè ògbólógbòó páàtì tí wọ́n yọ.

Ohun tí a lè ṣe

Kò dìgbà tí a bá dé California. Kí a tó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun márùn-ún yìí: Kí ni ó ń ṣe ọkọ̀ náà, báwo ni ẹ sì ṣe mọ̀? Ṣé tuntun ni páàtì tí ẹ fẹ́ rà, àbí tókúnbọ̀? Èló ni iṣẹ́ ọwọ́ yín lọ́tọ̀? Ṣé ẹ ó kó èyí tí ẹ bá yọ fún mi? Bí àìsàn náà bá padà láàárín oṣù kan, kí ni ẹ ó ṣe? Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Àwa náà, bí ó bá sọ iye iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní gbangba, kí a má ṣe ná an bí ẹni ń ná iṣu. Ẹni tí a bá fìyà jẹ nítorí òtítọ́ rẹ̀ yóò kọ́ irọ́.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ kan wà fún wa níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ìlú wa ni kò ní ìwé tí wọ́n ń kọ owó sí. Nígbà tí a bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ jẹ́ kí a bá wọn tẹ ìwé owó ní èdè Yorùbá, kí ó ní ìlà mẹ́rin: àyẹ̀wò, páàtì, ìrìn, iṣẹ́ ọwọ́. Ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ yóò pa ìjà púpọ̀, yóò sì jẹ́ kí olóòótọ́ lè fi ojú òtítọ́ rẹ̀ hàn.